Ẹ Kọ́kọ́ Mu Nínú Rẹ̀

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Kò gùn rárá. "Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀." Àbúrò mi ọkùnrin ló sọ ọ́ fún mi ní ìdúnta, láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọ́ọ̀bù kókó wà níwájú rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbàgbé. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn àìsàn ọpọlọ rẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lọ síbì kankan.

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má dárúkọ ilé-ìwòsàn kankan, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí kò pọ́n mi lé.

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ

Ahunṣọ ni àbúrò mi. Aṣọ òkè ló ń hun lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlọrin níbí, lórí òfì tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló jọ ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ kan ń ju ọ̀kọ̀, èkejì ń gbà á, kí wọ́n tó gbá òwú mọ́ra. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣìṣe, ojú aṣọ á sọ ọ́.

N kò ní í ròyìn bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: nígbà tó le jù, ó dá a lójú pé a ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò jẹ nǹkan kan àfi ẹyin sísè tó fọwọ́ ara rẹ̀ bó, àti omi inú ọ̀rá tó fi eyín ara rẹ̀ ya.

Nílé-ìwòsàn, wọ́n fún un ní haloperidol láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n fi Artane, oògùn tó ń dín gbígbọ̀n ara kù, tì í. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohùn tó ń gbọ́ fi rọlẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó ń kírun lákòókò, ó ń bá wa jẹun, ó sì ti padà sídìí òfì. Gbogbo ilé ń ṣe alihamudulilai.

Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé ojú kan. Á jókòó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á dìde, á rìn yí àgbàlá ká, á tún padà jókòó. Ìyá wa rí ìrìn yẹn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní àìsàn náà ló fẹ́ padà, kí n ṣọ́ ọ kó má fo oògùn kankan. Kò yé wa pé oògùn gan-an ló ń mú un rìn. Haloperidol máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, ó sì máa ń mú kí ara èèyàn má lè balẹ̀ sójú kan, tí ẹni náà yóò máa wò bíi pé kó bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà lè dín in kù fún ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. A kò sọ. Ojú ara yíyá la fi ń wo ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, torí pé àwa náà ti rí oorun sùn.

Oníbàárà kan gbé òwú wá láti fi hun aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wá gbà á, ó tẹ́ ojú aṣọ kan sórí ẹní, ó ń fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibì kan ṣù, ibì kan ya, etí aṣọ ń wọ́ bí ipa ejò. Kò bínú. Ó ní kò burú, ó kó ìyókù òwú rẹ̀, ó lọ. Àbúrò mi ká ojú aṣọ náà, ó tì í sábẹ́ ẹní tó ń jókòó lé.

Ààwẹ̀ wá dé. Ó ní òun á máa lo oògùn òun ní sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Ìlọrin la wà, ta ló máa bá ẹni tó ń gbààwẹ̀ jiyàn? Láti ìjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni kò ti fẹnu kàn án mọ́.

Kọ́ọ̀bù kókó

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni mo rí àwọn oògùn tí kò lò, nínú agolo mílíìkì tó ń kó òwú kíká sí. Mo dà wọ́n sórí ibùsùn mi, mo kà wọ́n. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

N kò bi í ní nǹkan kan. N kò pe dókítà. Ohun tí mo ṣe ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ ẹyọ kan kúnná, mo dà á sínú kókó rẹ̀, mo fi ṣúgà bò ó, mo gbé másà tì í. Ó mu ún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́kàn mi, ẹ̀gbọ́n rere ni mí. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá wa, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó fi ètè kan kókó náà, ó dúró. Ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí ọwọ́ rẹ̀ títí ibi tí wọ́n ń dì mú fi kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ kò le. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀."

Mo gbé e. Ó ṣì gbóná. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ inú kọ́ọ̀bù lókè, níbi tí n kò ti rò ó dáadáa. Mo gbé e dé ẹnu, n kò lè mu ún. Ìtìjú wà níbẹ̀, àmọ́ ìtìjú kọ́ ló dá ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní ọjà láti lọ lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ohun tí nǹkan yẹn máa ṣe sí ara mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń fún un.

Ó wá sọ ọ́, kò pariwo: "Nígbà tí mo ní ẹ ń fi nǹkan sínú oúnjẹ mi, gbogbo yín lẹ ní ara mi ò yá."

Ó da kókó náà sí gọ́tà, ó fọ kọ́ọ̀bù, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó lọ sídìí òfì. Mo gbọ́ ọ̀kọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ títí di ọ̀sán. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Mo mọ̀ pé nílé púpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí mo ṣe yìí. Àwọn kan ń fi í sínú ọbẹ̀, àwọn kan sínú tíì. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, n kò jiyàn. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023, tó gba ipò òfin wèrè ti 1958, sọ̀rọ̀ nípa gbígba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Òfin kì í dé ìdí kókó ilé ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo ṣe: àìsàn tí ìdí rẹ̀ jẹ́ pé kò lè fọkàn tán wa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fún un ní ẹ̀rí.

Títí di ìgbà wo?

Nígbà tó tún bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ti béèrè ọ̀rọ̀ kan kóun tó dá oògùn náà dúró. Ó bi dókítà ní kílíníìkì pé títí di ìgbà wo lòun máa lò ó. Èrò pọ̀ níta, dókítà ní kó ṣì máa lò ó lọ ná. Ó bi ìyá wa, wọ́n ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bi èmi. Mo rántí ọjọ́ náà, mò ń to àwo. Mo ní, "Ṣé ibi tó o ti bọ̀ lo fẹ́ padà sí ni?"

Ìbéèrè ló bi wá, ẹ̀rù la fi dá a lóhùn. Ló bá lọ dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé àwọn baba wa ti ronú sí ìbéèrè yìí. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, wo iṣẹ́ àwọn babaláwo àti oníṣègùn tó ń wo wèrè nílẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ nípa wọn láàárín ọdún 1960 sí 1965. Nínú ohun tó rí ni pé bí ara aláìsàn bá yá, wọ́n á mú un lọ sétí odò, wọ́n á rúbọ, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, aṣọ tó fi gba ìtọ́jú á bá omi lọ. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí odò yẹn wà fún yé mi. Ó ń sọ fún èèyàn lójú gbogbo ẹbí pé ìtọ́jú ní òpin. Nílé-ìwòsàn, káàdì ni wọ́n ń kọ ọjọ́ mìíràn sí.

Àwọn àgbà yẹn náà kò sì tan ara wọn jẹ. Wọ́n máa ń ní bí wèrè bá sàn, yóò ku ìkùnsínú. Ewé àti egbò tí wọ́n ń lò pàápàá kì í ṣe ewé lásán. Asọ́fẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń pa wèrè lára máa ń mú oorun wá, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Inú ìbátan rẹ̀ kan tó ń hù ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ èròjà oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde lọ́dún 1952, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn òyìnbó kan, chlorpromazine, tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Paris. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò bàbá wa ní ká jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó ká gba ewé, n kò rí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀. Ààfáà wa tó ń ṣe rúkíyà fún un ló tiẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní Ànábì sọ pé ká máa tọ́jú ara wa, pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àti pé àdúrà àwọn kò bá egbòogi kankan jà.

Ohun tí àwọn tó dán an wò rí

Mo wá ìdáhùn kiri lórí fóònù mi lóru. Ohun tí mo rí kò rọrùn, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe wà.

Ní Hong Kong, wọ́n kó èèyàn 178 jọ tí ara wọn ti yá lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ti lo oògùn fún ó kéré tán ọdún kan. Wọ́n fún àwọn kan ní quetiapine, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Láàárín ọdún kan, àìsàn padà sára 79 nínú 100 àwọn tí kò rí oògùn, ó sì padà sára 41 nínú 100 àwọn tó ń lò ó. Èyí jáde lọ́dún 2010. Nígbà tí wọ́n tún wo wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, 39 nínú 100 ni nǹkan kò dára fún lára àwọn tí kò rí oògùn lọ́dún yẹn, 21 lára àwọn tó lò ó lọ́dún náà.

Ní Netherlands, Lex Wunderink àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn 128 tí ara wọn ti balẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ni tiwọn. Fún àwọn kan, dókítà ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣeé ṣe kí wọ́n dá a dúró. Lẹ́yìn oṣù 18, àìsàn ti padà sára 43 nínú 100 wọn, ìlọ́po méjì ti àwọn tí oògùn wọn kò yí padà, ìyẹn 21. Bí ẹlòmíràn bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá wọn rí lẹ́yìn ọdún méje, wọ́n rí 103. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù ló ti padà sípò pátápátá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú ilé ara wọn. Lára àwọn yòókù, ìdá 17.6 ni. Èyí jáde lọ́dún 2013.

Ìròyìn méjèèjì kò bára wọn dọ́gba, àwọn onímọ̀ sì ń bá a fà. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé irọ́ ni ẹni tó ní gbogbo ẹni tó bá dá oògùn dúró ni yóò padà ṣàìsàn ń pa, irọ́ tó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ẹni tó ní kò séwu. Ìdá kan péré nínú márùn-ún àwọn tí wọ́n ń dín tiwọn kù ní Netherlands ló lè dá a dúró pátápátá láàárín oṣù 18 yẹn.  Kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ṣáájú pé ti lágbájá máa dára.

Ohun mìíràn tó ń tan ilé jẹ ni àkókò. Àìsàn yìí kì í sábà padà lọ́jọ́ tí wọ́n dá oògùn dúró. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Láàárín rẹ̀, ara á fúyẹ́, ọwọ́ á dúró, ojú á là. Ẹni náà á sọ pé ẹ ò rí i, n kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ara rẹ̀ ló ń sọ, kò purọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó bá dá a dúró fún ọdún méjì ó kéré tán.

Ọwọ́ tó nà síwájú dókítà

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀bù, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní oorun ń sá fún òun, wákàtí mẹ́ta lòun ń sùn lóru, òun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ẹ̀rọ omi àwọn aládùúgbò ju bó ṣe yẹ lọ. N kò sọ pé ṣebí mo wí. Ọlọ́hun ló dá ẹnu mi dúró.

A lọ bá dókítà mìíràn. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí ni oògùn yẹn ń ṣe fún ọ tí o kò fẹ́?" Àbúrò mi kò fọhùn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi wọ́n ju ọ̀kọ̀ tí kò sí níbẹ̀, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Dókítà náà wò ó títí ó fi parí. Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì rí i kí ẹnì kan wo iṣẹ́ rẹ̀ bíi pé ara ìtọ́jú ni.

Ó gbà láti padà sórí oògùn, olanzapine mílígíráàmù 5 lálẹ́. Ó ní tirẹ̀ náà. Ebi ń pa á bí ẹni tó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ikùn rẹ̀ yọ, a ń wọn ìwúwo rẹ̀, a sì ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Dókítà sì fún ìbéèrè rẹ̀ lésì: bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ju ọdún kan lọ, a ó jọ jókòó, a ó jọ wò ó.

Ọdún kan ti kọjá dáadáa, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in kù. A ń dá ẹyọ kan sí méjì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìdí tí ti oògùn yìí fi rí bẹ́ẹ̀ sì yé mi nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Oògùn yìí ń dí ojú ibi tí dopamine, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ọpọlọ náà á máa wá ọ̀nà láti gbọ́ ohun tí wọ́n dí mọ́ ọn létí, bí omi tó ń wọ́ jọ sẹ́yìn ìsédò. Ẹni tó bá wó ìsédò lóòjọ́ kan, omi á ya bo ìsàlẹ̀. Díẹ̀ tó kẹ́yìn ló sì lágbára jù: lójú ọpọlọ, kíkúrò lórí 10 sí 5 kò tó kíkúrò lórí 2.5 sórí òfo. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó wà nínú agolo yẹn, ìsédò tó wó lóòjọ́ kan ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nísàlẹ̀ odò.

A ní ìwé kan. Òun ló kọ ọ́, nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó kọ wákàtí tó yẹ kóun sùn. Ó kọ ọ́ pé bí òun bá ń tú aṣọ tí kò ní àbùkù láti tún un hun, kí wọ́n bi òun. Ó yan ẹni tó lè sọ fún òun pé ara òun ò dá, kì í ṣe ìyá wa, kì í ṣe èmi, ahunṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni. Ó gbà pé bí ẹni yẹn bá sọ ọ́, òun á padà sórí 5 kí a tó máa jiyàn. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo fọwọ́ sí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sínú oúnjẹ òun.

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Mo mọ ohun tí ń ba ìyá wa lẹ́rù, ó ń ba èmi náà. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo jí, mo gbọ́ òfì. Aago mọ́kànlá àbọ̀. Mo sùn kalẹ̀, mò ń ka bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ, bóyá ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀, bóyá irú èyí ló ṣe nígbà yẹn. Ọkàn mi ti dé ibi tí oògùn wà nínú dúrọ́ọ̀.

Mo dìde, mo tan iná fóònù, mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí ni mo ṣe wá. Ṣé oorun ò wá ni?"

Kò bínú. Ó ní, "Aṣọ ìyàwó ti Sátidé ni, Àǹtí mi. Ó ku ojú méjì. N ó sùn láago méjìlá." Ó tọ́ka sí ìwé náà lórí àpótí, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo kọ déètì sí i. Mo jókòó tì í títí aago méjìlá fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gé òwú, ó sì dìde.